Èmi Ni Mo Ba Ẹmu Náà Jẹ́

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń tọ́ ọtí wò, tí mo sì ń kọ ohun tí ahọ́n mi bá bá pàdé sílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ mi ní Adó-Èkìtì níbí: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ń tẹ ìwé fún olóòkú àti ìyàwó, kò sí bí wọn ò ṣe ní í pè é síbi ìnáwó, kò sì sí ìnáwó tí ọtí ti ń wọ́n. Etí pépà tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo bá gé iṣẹ́ oníṣẹ́ tán ni mo máa ń dì pọ̀ fi ṣe ìwé kékeré. Mọ́kànlá ló ti kún. Nítorí ìwé kẹrin ni mo ṣe ń kọ èyí. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí mo ti fi bírò pupa fa ìlà sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí mi ò sì jẹ́ ya á dànù.

Ibi ìsìnkú kan ní Arámọkọ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ olóòkú kan tó ń gbé Àbújá gbé ìgò mẹ́ta wá nínú páálí, bíà tí iléeṣẹ́ kékeré kan níbẹ̀ ń pọn níwọ̀nba. Ó da díẹ̀ sínú gíláàsì, kò tíì fẹnu kàn án tó fi gbé imú lé e. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àbúrò, ṣé ọbẹ̀ ni?" Ó na gíláàsì náà sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbóòórùn ẹ̀ ná." Mo gbóòórùn rẹ̀. Kọfí ló kọ́kọ́ dé sí mi nímú, lẹ́yìn kọfí, búrẹ́dì tó jóná létí, lẹ́yìn ìyẹn ohun kan tó jọ àgbálùmọ̀ tó ti pọ́n kọjá. Mo ti ń mu bíà fún ogún ọdún kí n tó mọ̀ pé imú wà lára ohun tí wọ́n fi ń mu ún.

Bí mo ṣe padà sí Adó ni mo pe ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta. A dá owó, a ra oríṣi bíà mẹ́sàn-án, a tò wọ́n sórí tábìlì tí mo fi ń gé pépà. Ẹ wá wo bí àṣìṣe ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn. Stout, bíà dúdú tó le, la kọ́kọ́ ṣí, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé òun ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Àsun alátá wà nílẹ̀ tí à ń jẹ sí i. Gbogbo ìgò ló tutù débi pé omi ń ṣẹ́ lára wọn. Kò sí omi mímu kankan nítòsí. Odindi ìgò là ń mu, tí mo sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí mẹ́wàá.

Ìwé kìíní ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìgò àkọ́kọ́ gba márùn-ún. Ìkẹta gba méje. Láti orí ìkarùn-ún lọ, lẹ́tà mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́nkè bí ẹni ń lọ sórí òkè Olósùnta. Ohun tí mo kọ sí ìgò kẹjọ ni: "Ó dára gan-an. Ó dára gan-an. Tẹ̀tẹ̀." Títí di òní mi ò mọ iṣẹ́ tí tẹ̀tẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Ìgò kẹsàn-án gba mẹ́wàá lórí mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ bíà tí mi ò ní í fi owó ara mi rà lónìí ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gun máṣíìnì mi lọ sílé, mo ṣubú sínú gọ́tà níwájú géètì ara mi. Àpá rẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi. Ká ní orí títì ni, ẹlòmíràn ni ì bá tẹ ìwé ètò ìsìnkú tèmi.

Ìyàwó mi ò pariwo. Ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu egbò náà, ó wá bèèrè pé, "Dádì, èwo ló dùn jù nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ta mí ju egbò lọ.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu mẹ́ta ni mò ń mu nínú ọtí kan tí mo bá ń tọ́ wò. Ẹnu kìíní, ẹnu ni mo fi ń ṣan. Ìkejì ni mo fi ń dájọ́. Ìkẹta ni mo fi ń wò ó bóyá ẹnu kejì purọ́. Oríṣi mẹ́rin ni òpin lóòjọ́. Èyí tó fúyẹ́ ló ń ṣíwájú èyí tó le, funfun ló sì ń ṣíwájú dúdú. Omi tútù àti iṣu sísè lásán, tí kò ní epo, tí kò ní iyọ̀, ni mo fi ń nu ahọ́n láàárín wọn. Búrẹ́dì náà dára, àmọ́ ọmọ Èkìtì ni mí, iṣu ò lè tán nílé. Ata, ó di ẹ̀yìn ìgbà tí mo bá pa ìwé dé. Mi ò sì tún ń gun máṣíìnì lọ síbi tí mo bá ti máa tọ́ ọtí wò, kódà bó jẹ́ ẹnu mẹ́ta náà ni. Ọmọdé tó bá ń ka èyí, aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn máa kà á lọ ni o.

Ẹni tó là mí lójú jù ni bàbá kan tó wá tẹ káàdì àádọ́rin ọdún rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Iléeṣẹ́ bíà ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó rí ìwé mi lórí tábìlì, ó ṣí i, ó ń ka máàkì tí mo fún oníkálukú, ó sì ń mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi, ò ń dá bíà lẹ́jọ́, o ò sì bèèrè ibi tó sùn lánàá."

Mo ní kí bàbá jókòó. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mi ò tẹ káàdì kankan. Ó sọ bí Star ṣe jáde ní 1949 tó jẹ́ pé àwọn bàbá tiwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ mu ún, bí Guinness ṣe kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkẹjà ní 1962, bí ti Ilẹ́ṣà níhìn-ín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀ ní 1978. Mo bèèrè ìdí tí bíà wa kì í fi í jọ ti Jámánì lẹ́nu. Ó ní ṣé mo gbàgbé 1988 ni? Ọdún yẹn ni òfin ìjọba pé kí ẹnikẹ́ni má kó mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà báálì tí wọ́n mú hù tí wọ́n fi ń pọn bíà, wọ̀lú mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báálì ò sì ṣeé gbìn ní oko wa bí ọkà bàbà. Ni àwọn apọntí bá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Wọ́n ní láti tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n ní láti tún ọ̀nà ìpọntí kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà, ọkà bàbà ti jókòó, kò dìde mọ́. Èmi tí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé "bíà wa kò péye," ìtìjú bá mi díẹ̀. Ohun tí mo pè ní àbùkù, ọgbọ́n tí àwọn èèyàn fi ọwọ́ ara wọn wá ni.

Bàbá wá ní kí n ra bíà méjì onígò aláwọ̀ ewé, ọ̀kan náà, láti inú páálì kan náà. Ó ní kí n gbé ọ̀kan sójú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀, kí n gbé èkejì sínú dúrọ́ọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo fi méjèèjì sínú fìríìjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàwó mi bá mi dà wọ́n sínú gíláàsì lẹ́yìn mi kí n má baà mọ èwo ni èwo. Mi ò tíì gbé èyí àkọ́kọ́ débi ẹnu tí mo fi gbé e sílẹ̀. Ó ń rùn bí ẹtà. Ìkejì ò ṣe nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló máa ń ba ìkorò tí hops, òdòdó tí wọ́n fi ń pọn ọtí, fi sínú bíà jẹ́, tí òórùn burúkú yẹn fi ń yọ. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ máa ń dáàbò bò ó ju aláwọ̀ ewé lọ. Ẹ wá lọ wo àwọn páálì tí wọ́n tò síta níwájú ìsọ̀ ọlọ́tí láti àárọ̀ dalẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ẹni tí a ń bú nígbà tí a bá ń bú ọtí.

Ohun méjì mìíràn tí bàbá kọ́ mi: bíà tó bá tutù bíi yìnyín máa ń pa ahọ́n, kò ní í jẹ́ kó mọ adùn, kò ní í jẹ́ kó mọ àbùkù. Ẹ gbé e kúrò nínú fìríìjì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èkejì, gíláàsì tí òróró bá kàn, tàbí tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ tí wọn ò ṣan kó mọ́, ìfòfó kì í dúró lórí ọtí inú rẹ̀. Mo kọ èyí sínú ìwé kejì, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Ẹ bá mi fi sọ́kàn, torí pé èmi ò fi sọ́kàn.

Bíà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹmu ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Bíà iléeṣẹ́ ńlá, ìgò òní àti ìgò ọdún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ jọra, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn. Ẹmu ò jẹ gbèsè yẹn. Ọ̀pẹ yìí yàtọ̀ sí ọ̀pẹ tọ̀hún. Ti adẹ́mu yìí yàtọ̀ sí tẹni kejì rẹ̀, torí pé kì í fọ akèǹgbè rẹ̀ tán pátápátá, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ àná tó wà nídìí rẹ̀ ni ìwúkàrà tí ẹmu òní fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bó ṣe ń kán sílẹ̀ látorí ọ̀pẹ ló ti ń yí padà. Aago méje àárọ̀ ó dùn bí omi ìrèké, ó sì funfun díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ọ̀sán, adùn ti ń lọ, ó ti ń ta lẹ́nu, ọtí ti ń wọ inú rẹ̀. Alẹ́, ó ti ń kan. Ó di ọjọ́ kejì, ọ̀tunla, ẹ ti ń wo ọ̀nà ọtí kíkan. Ògùrọ̀ tún yàtọ̀: igi inú àbàtà ni tirẹ̀, orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dá, igi náà kì í sì í yè é. Mo máa ń rántí ìyẹn tí mo bá gbé ife rẹ̀ dání.

Mo tọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wò, mo tọ́ bùrùkùtù wò, ojú ewé méjì péré ni wọ́n gbà, torí pé èyí tí mo rí kò tó nǹkan. Ògógóró nìkan ni mo kọ̀. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè nípìnlẹ̀ Oǹdó, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, wọ́n ń kú láàárín ọjọ́ kan, àwọn kan sì ń pè é ní ìjà òrìṣà. Methanol, oríṣi ọtí olóró tí kò ṣeé mu, tó wà nínú ògógóró ni. Kò sí ahọ́n tó lè dá a mọ̀ nínú ife, bó ti wù kó mọ ọtí tó. Ohun tí ahọ́n mi ò bá lè ṣọ́ mi níbẹ̀, mi ò bá a ṣeré.

Ní báyìí, ká dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ kékeré táwa mẹ́rin dá sílẹ̀ lórí WhatsApp ti di èèyàn tó lé ní igba. Tí mo bá kọ pé ẹmu kan dára, wọ́n á lọ rà á. Àwọn kan ń pè mí ní Adájọ́. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́: ó ń dùn mọ́ mi nínú. Mo ti ń kọ̀wé bí ẹni tí àṣìṣe ò lè bá, àwọn ọ̀rọ̀ líle ló sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù.

Oṣù kejì 2019 ni, ooru mú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìgèdè-Èkìtì, nítorí adẹ́mu àgbàlagbà kan tí wọ́n ń ròyìn. Aago méje àárọ̀ la débẹ̀. Bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó bu ahá kan fún mi, mo kàn tọ́ ọ lẹ́nu, ó dùn, àmọ́ mi ò kọ nǹkan kan, mo ní ó di ilé kí n tó jókòó sí i. Mo na kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún sí i. Ó wo kẹ́ẹ̀gì náà, ó ní, "Ṣé kò sí akèǹgbè?" Mo ní kò séwu. Ó kún un fún mi. Mo dé ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn pinpin, a gbé e sínú búùtù.

A yà ní Ìyìn kí n lọ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kan. Ẹ mọ gbígba owó. Wọ́n ní ká jókòó, wọ́n ní ká jẹun, a kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ọkọ̀ wà nínú oòrùn láti ìgbà tí a ti dé. Nígbà tí mo ṣí búùtù ní Adó, kẹ́ẹ̀gì ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Mo tú ìdérí, ó pariwo fìíì. Mo dà á sínú ife. Kò ru. Ìfòfó kékeré kan yọ, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Òórùn rẹ̀ jọ ti òróró tó ti pẹ́ nínú páànù, ọṣẹ sì ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti kan.

Mo gbé bírò. Ohun tí mo kọ rèé, bó ṣe wà nínú ìwé kẹrin: "Ẹmu bàbá yìí kò hó, wọ́n ti bu omi sí i. Ó ń rùn bí òróró. Mo fún un ní méjì, nítorí ojú àgbà. Ẹ má fi owó yín ṣòfò." Mo fi àwòrán ahéré rẹ̀ sí i, èyí tí mo yà láàárọ̀. Mo fi ránṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pín in kiri. Mo lọ sùn.

Ìtàn kan wà tí kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Ògún ti ojú ogun bọ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn èèyàn níbi àjọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó gbé akèǹgbè, òfìfo ni. Kò bèèrè, ó yọ idà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, ojú ẹni tó ń sá ni mo sì máa ń fi gbọ́ ọ. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ara mi níbi tí Ògún dúró sí.

Ọmọ mi obìnrin ló tú àṣírí. Oṣù karùn-ún, omi ò yọ nílé, ìyá rẹ̀ pọn omi sínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì náà wà lára wọn. Ọmọ bu omi mu, ó tu ú dànù. Ó ní, "Dádì, omi yìí ń rùn bí òróró." Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe gbé e sí imú, ara mi tutù láti orí dé ẹsẹ̀. Òórùn tí mo kọ sínú ìwé kẹrin ni, kò yẹ̀ síbì kan. Mo rántí pé òróró ni wọ́n kọ́kọ́ tà nínú kẹ́ẹ̀gì náà. Mo rántí pé ọṣẹ olómi ni mo fi fọ̀ ọ́, mo ṣan án lẹ́ẹ̀mejì péré, torí pé mò ń kánjú.

Mi ò fẹ́ gbà. Ẹ̀mí mi ń wá ọ̀nà àbáyọ: bóyá àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, èmi àti bàbá náà. Mo lọ bá bàbá oníbíà. Ó ní ohun tí àwọn ń ṣe níléeṣẹ́ rọrùn: ife mẹ́ta, méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ìkẹta yàtọ̀, kí ẹni tó ń tọ́ ọ wò wá èyí tó yàtọ̀ láì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ sí Ìgèdè ní ìdájí, mo ní kó ra ẹmu lọ́wọ́ bàbá yẹn gan-an, inú akèǹgbè tuntun ni mo ní kó gbà á sí. Mo pín in sí méjì. Ìdajì dúró sínú akèǹgbè lábẹ́ òjìji, mo da ìdajì sínú kẹ́ẹ̀gì, mo dé e, mo gbé e sínú oòrùn. Ní aago kan ọ̀sán, ìyàwó mi bu ife mẹ́ta, ó gbé wọn wá. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń pààrọ̀ bí wọ́n ṣe tò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo mú èyí tó yàtọ̀, kódà imú nìkan ni mo fi mú un. Ti inú akèǹgbè ń ru, ó ta lẹ́nu dáadáa, adùn rẹ̀ ò tíì lọ tán. Ọ̀kan lára ẹmu tó dára jù tí mo ti tọ́ wò ni. Ìyàwó mi wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi mí ní ìbéèrè kankan.

Èmi àti bàbá oníbíà la jọ lọ bẹ̀ ẹ́. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà dání. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pupa níwájú ahéré rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Kò dá mi lóhùn. Bàbá oníbíà ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà, ó sọ ọ́ láti orí dé ìdí. Adẹ́mu gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kẹ́ẹ̀gì ọ̀hún dà?" Mo gbé e fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ìyẹn náà gbóòórùn rẹ̀, ó yí imú. Ó wá ní, "Ara ọ̀pẹ ni epo ti ń wá lóòótọ́, àmọ́ kì í bá ẹmu sọ̀ kalẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ èyí tí mi ò mọ̀. Ìdílé kan tó fẹ́ sìnkú ìyá wọn ti bá wọn sọ ẹmu ọjọ́ ìsìnkú, bàbá ti gun igi tó pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Wọ́n pè láago ní ọ̀la ìnáwó pé àwọn ò fẹ́ mọ́, wọ́n ti ka ìwé kan lórí fóònù. Ẹ rò ó wò. Aláṣọ tí wọn ò bá ra aṣọ rẹ̀ lónìí á gbé e dè ọ̀la. Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti kan, wọ́n gbé díẹ̀ fún àwọn tó ń sè é ní ògógóró ní owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n da ìyókù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ka rẹ̀ fún mi.

Mo fẹ́ san owó, bàbá ò gbà. Ó ní ọmọ òun obìnrin ń lọ sílé ọkọ lóṣù kẹsàn-án, kí n bá wọn tẹ káàdì. Mo tẹ igba káàdì, pépà tó dára jù nínú ìsọ̀ mi ni mo lò. Mo tún kọ ìbẹ̀bẹ̀ sórí WhatsApp, mo fi àwòrán kẹ́ẹ̀gì sí i, mo sọ ohun tí mo ṣe láì fi nǹkan kan pa mọ́. Àwọn èèyàn díẹ̀ ló dá mi lóhùn. Irọ́ mi ti rin ìrìn àjò dé Ìlọrin, ìbẹ̀bẹ̀ mi ò kọjá Ìyìn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di ìsinsìnyí: mi ò rí gbogbo àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ kó jọ mọ́.

Mi ò fún ọtí ní máàkì mọ́. Ojú ewé mi yàtọ̀ pátápátá sí ti tẹ́lẹ̀. Mo máa ń kọ aago tí ẹmu sọ̀ kalẹ̀, aago tí mo tọ́ ọ wò, ohun tí mo gbé e sí, bóyá oòrùn rí i, ohun tí mo jẹ láàárọ̀ yẹn, kí n tó kọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ìdí ọ̀pẹ ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, lójú ẹni tó dá a, kí n tó gbé e lọ síbì kankan. Bí mo bá gbé e, ìdérí kì í le, afẹ́fẹ́ inú ẹmu ní láti rí ọ̀nà jáde. Tí kò bá dára, màá padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, màá sì kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ni ín ní kọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn á ní òjò ló wọ inú akèǹgbè. Nígbà mìíràn á ní lóòótọ́ ni, ṣúgà ni òun fi sí i, kí n má bínú. Àwọn ará WhatsApp ní ìwé mi ò pa àwọn lẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta tó ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá adẹ́mu ò gbàgbé mi o. Adájọ́ lòun náà ń pè mí, àmọ́ bó ṣe ń pè é yàtọ̀. Tí mo bá dé, kò ní í kí mi kó tó na ọwọ́ gba ohun tí mo gbé wá. Á tẹ imú bọ ẹnu rẹ̀, á dákẹ́, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi á dákẹ́ dè é. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbé akèǹgbè tuntun lọ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò rí. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n lọ fi omi gbígbóná ṣan án wá lẹ́yìn ilé.

Mo lọ ṣan án.